Ìbéèrè Tí Mo Bi Olùkọ́ Nídìí Lẹ́tà Òjé

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn mọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò kàn kò ní fi orúkọ ṣe ohunkóhun. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí a to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹni tó bá kà á sì dá ẹjọ́ rẹ̀ bí ó bá ti rí i.

Iṣẹ́ atòlẹ́tà ni mo fi jẹun ní Ṣómólú láti ìgbà èwe mi. Kíláàsì kẹrin ni mo dé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn kí bàbá mi tó ṣaláìsí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi wá sí Èkó, tí ó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan lẹ́yìn Fọlá Àgòrò. Láyé ìgbà náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí òjé kékeré tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni lẹ́tà náà kọ sí ènìyàn, kí ó lè kọjú síni nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Inú àpótí onígi tí ó ní ojúlé púpọ̀ ni wọ́n máa ń wà: a óò fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò tò wọ́n sínú irin pẹlẹbẹ tí a dì mú lọ́wọ́ òsì, pẹ̀lú orí lẹ́tà nísàlẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé kékeré tí mo kà lábúlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí mi nígbà tí mo dé Èkó. Òjé ló tún mi kọ́. Mo ti ń ka lẹ́tà tó kẹ̀yìn sí mi geerege kí n tó lè ka ìwé ìròyìn láìfi ìka tẹ̀lé e.

Ọdún tí àwọn ológun padà sí bárékè wọn, tí ìjọba alágbádá dé, iṣẹ́ kún Ṣómólú dé ojú pópó. Gbogbo olóṣèlú ló fẹ́ pósítà. Nígbà tí ìbò parí, iṣẹ́ náà rọ̀ bí ìgbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Ohun tó wá tẹ̀lé e ni kọ̀ǹpútà. Ìsọ̀ tó wà lápá ọ̀tún wa rà á, èyí tó wà lápá òsì rà á, ọ̀gá tiwa náà rà á. Àwa mẹ́fà tí a ń to lẹ́tà nínú ìsọ̀ náà di méjì: èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ohun kan ṣoṣo tó dá wa dúró ni àmì ohùn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà wọ̀nyẹn kò tíì mọ bí wọ́n ti ń fi àmì sórí lẹ́tà kí wọ́n sì fi àmì kékeré sísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá gbé ti òkè, á já ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ ìwé Yorùbá tó pé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń júwe fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ yunifásítì náà ṣe dé ìsọ̀ wa láti Akọka. Èdè ló ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Kò tíì tó mi lọ́jọ́ orí, ó sì mọ ènìyàn bọ̀wọ̀ fún. Ìwé kékeré kan ló kó wá, ó sì máa ń fẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí láti wo bí a ti ń tò ó. Ní ọjọ́ kan, mo ń lọ lórí iṣẹ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un láìgbé orí sókè pé, “Ọ̀gá, ẹ gbàgbé àmì kan sórí ọ̀rọ̀ kejì, ìlà kẹta.”

Ó wo ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Lóòótọ́ ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sì sọ fún mi nígbà tí ẹ ń kà á nínú ìwé lánàá.”

“Mi ò rí i nínú ìwé lánàá. Orí òjé ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.”

Ọ̀rẹ́ mi dá sí i láti ìdí àpótí tirẹ̀. “Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá. Ìpàkọ́ ló fi ń ríran.”

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo ti ń rò lọ́kàn láti ọdún pípẹ́, tí n kò rí ẹni bá sọ ọ́, ni mo wá sọ fún un. Mo ní, “Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá mi dáhùn èyí. Bí mo bá ń ka lẹ́tà òjé, kò sí àmì tó lè sá mọ́ mi lójú, àmọ́ mi ò ní mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí. Bí mo bá ń ka ìwé, mo ń gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ ń wí, àmọ́ ìdajì àmì lè sọnù níbẹ̀ kí n má mọ̀. Ojú kan náà ni, orí kan náà, Yorùbá kan náà. Kí ló fà á?”

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó yọ gègé lápò, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rí i. Ọ̀gá wa tó ni ìsọ̀, tó ń ṣètò bébà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà rí i.

Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó tún yà. Ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ náà. Ó ṣàlàyé fún wa pé yunifásítì ti yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwádìí tuntun nípa èdè, owó irúgbìn ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka mẹ́ta, ó kéré tán, ló pawọ́ pọ̀. Òun tó mọ èdè ti wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ọpọlọ, wọ́n sì ti wá ẹni tó lè ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú bí ó ti ń kàwé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀wé béèrè, wọ́n sì rí i gbà. Bí iṣẹ́ náà bá hù, owó ńlá yóò tẹ̀lé e.

Ọ̀rẹ́ mi bi í pé, “Tí kò bá hù ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ilẹ̀ ò dára nìyẹn.”

“Tàbí kó jẹ́ àparò ló ṣà á jẹ. Àparò pọ̀ ní Akọka.”

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Èmi kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Èbù iṣu ló wá sí mi lọ́kàn. Lábúlé wa, bí ẹnì kan bá fún ọ ní èbù, tí iṣu náà bá ta, o kò ní jẹ iṣu tuntun kí o má fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí i. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí o kò bá ṣe é, wọn ò ní mú ọ, wọn ò ní lù ọ́, wọ́n á kàn mọ irú ènìyàn tí o jẹ́.

Èmi ni mo kó àwọn atòlẹ́tà jọ fún wọn. Kò rọrùn, nítorí ọ̀pọ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń ta kẹrosíìnì ní Bàrígà, ọ̀kan ń ṣọ́ géètì nílé ìwòsàn ní Ìgbóbì, ọ̀kan kò ṣe nǹkan kan mọ́ ju pé kí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ. Mo lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn pé àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ mọ ohun tí àwa mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí.

Inú yàrá tútù kan ní Akọka ni wọ́n kó wa sí. A máa gbé àgbọ̀n lé orí igi kékeré, a máa wo inú ihò, iná tín-ínrín kan á sì máa tẹ̀lé ẹyin ojú wa bí a ti ń kà. Wọ́n gbé lẹ́tà òjé síwájú wa, wọ́n gbé ìwé síwájú wa, wọ́n yọ àmì, wọ́n fi àmì òdì sí i, wọ́n ní kí a mú un. Èyí tó ń ta kẹrosíìnì sọ fún ọ̀gá ẹ̀rọ pé, “Ẹ rọra o. Ẹ má gbé ojú yìí lọ, òun nìkan ló kù tí mo fi ń mọ ẹni tó jẹ mí ní gbèsè.” Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì àti mínírà tó tutù. Nígbà tí a ń jáde, olùkọ́ náà di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín máa wà nínú ìwé yìí. Ẹ̀yin lẹ bí i.”

Mo mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé bí ẹni gbé ẹyin. Ìyàwó mi, tó ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn ní Ìgbóbì, ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Mo ní, “Wọ́n máa kọ orúkọ mi sínú ìwé.”

Ó ní, “Bàbá wọn, ìwé wo? Èyí tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín tò?”

Ó ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà kí ìwé tó jáde. Àwọn olùkọ́ yan iṣẹ́ lódì láàárín rẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n tún yan án lódì. Nígbà tó wá yá, ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n gbé e wá fún títẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwádìí lórí Yorùbá ni, wọ́n fẹ́ kí ewé mẹ́jọ tó wà níparí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, pẹ̀lú àmì tó pé. Ọwọ́ mi ni wọ́n gbé ewé mẹ́jọ náà lé.

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta tò ó. Mi ò tíì fara balẹ̀ to iṣẹ́ kan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo rí àmì méjì tí wọ́n gbàgbé, mo fi wọ́n síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti ránṣẹ́ béèrè. A tẹ̀ ẹ́, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. A fi kẹrosíìnì fọ òjé náà, mo sì dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sí ojúlé rẹ̀ nínú àpótí, bí iṣẹ́ ti wí. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí ni mo jókòó sórí páálí kan láti máa ṣẹ́ ewé po. Ibẹ̀ ni mo ti fi ọwọ́ tẹ̀lé ìlà kan, tí ẹnu mi ń jẹ́ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ bí ìṣe mi.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè yìí sọ sí àwọn olùwádìí lọ́kàn níbi ìpàdé àpapọ̀ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé láti wá ìdáhùn sí i, wọ́n lo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé tí kò kàwé.

Mo wo gbogbo ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kò sí orúkọ mi. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa. A lò wọ́n. Bí ẹni lo ọkọ́.

Ọ̀rẹ́ mi gba ewé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á.

“Ìwọ lo tò ó?”

“Èmi ni.”

“Gbólóhùn yìí gan-an?”

“Mo rí gbogbo àmì tó wà níbẹ̀.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó ní, “Ohun tí o bi wọ́n, wọn ì bá má wulẹ̀ ṣe wàhálà ẹ̀rọ. Ìwọ rèé lo dáhùn ẹ̀ yìí.”

Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà lọ́nà tí oorun kò lè wò. Bí wọ́n bá ti jí nǹkan mi gbé, ìbá tún sàn. Ọwọ́ mi yìí ló ṣa lẹ́tà tí wọ́n fi yọ mí kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí ojú wọn kí ó lè hàn kedere.

Mo tọ ọ̀gá wa lọ. Mo ní, “Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ wa, a ò tíì dì í. Ojú ewé tó kẹ́yìn ṣófo. Ẹ jẹ́ kí n to ìlà kan péré síbẹ̀.”

Ó ní, “Ìlà tí oníbàárà ò kọ?”

“Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo bi í, ọ̀gá. Ẹ rí i tó ń kọ ọ́.”

“Mo rí i. Mo lè jẹ́rìí sí i níbikíbi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ oníbàárà, ọjọ́ náà ni ìsọ̀ yìí kú. Àwọn ará òdìkejì á ti gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú.” Ó wò mí. “Ìwọ náà lo kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Atòlẹ́tà kì í fi ti ẹnu ara rẹ̀ kún un; bí oníbàárà bá kọ ọ́ pé oòrùn ń yọ lálẹ́, o máa tò ó pé oòrùn ń yọ lálẹ́. A di ìwé náà, wọ́n wá kó o lọ, ẹ̀dà kan tó bàjẹ́ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ṣómólú gba Bàrígà lọ sí Akọka. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ti yan iṣẹ́ lódì, géètì tì. Ìgbà kejì, olùkọ́ náà ti rìnrìn-àjò lọ síbi ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé, ìwé náà ló sì kó lọ síbẹ̀. Nígbà kẹta, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó rí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé. Ẹ jókòó.”

Mo ṣí i síbi ìlà náà, mo gbé e síwájú rẹ̀. Kò kà á. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó ní, “Fọ́ọ̀mù tí a fi béèrè owó náà, ohun mẹ́ta ni wọ́n ní ká kọ síbẹ̀: orúkọ, oyè, ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ẹ̀ka wo ni kí n kọ yín sí?”

“Ẹ kọ Ṣómólú sí i.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ó sì pa tirẹ̀ mọ́. “Ẹ jẹ́ kó yé yín. Nítorí pé ẹ̀ka mẹ́ta jọ ronú ni wọ́n ṣe fún wa lówó. Tí mo bá kọ ọ́ pé ìta ni ìbéèrè náà ti wá, wọ́n máa bi wá pé kí la wá jọ rò.”

“Ẹ jọ rò ó lóòótọ́, ọ̀gá. Lẹ́yìn tí mo ti bi yín ni.”

“Kò sí ẹni tó ni ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Inú afẹ́fẹ́ ló wà. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un.”

“Tó bá jẹ́ inú afẹ́fẹ́ ló wà, kí ló dé tí ẹ yọ gègé tí ẹ kọ ọ́ lẹ́nu mi, tí ẹ tún ní kí n tún un sọ?”

Ó yí ojú sí fèrèsé. Àwọn ọmọ yunifásítì ń kọjá nísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Ó ní bí owó ńlá bá dé, ìwé ńlá ni wọn yóò kọ, orúkọ mi yóò sì wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo dìde. Lẹ́nu ọ̀nà ni ó ti pè mí padà, tí ó ní òun nílò ìrànlọ́wọ́ mi. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà máa jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti gbọ́ ohun tí olúkúlùkù fi owó irúgbìn ṣe. Ó fẹ́ kí n wá fi bí a ti ń ka òjé hàn wọ́n. Kí n to ìlà mẹ́rin wá.

“Ìwé tí mo máa wò tò dà?”

“Kò sí ìwé kankan. Ohunkóhun tó bá wù yín ni kí ẹ tò.”

Mi ò rò pé ó mọ ohun tó sọ fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìdí àpótí, ọ̀rọ̀ elòmíràn ni mo ń tò: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, ìlérí àwọn olóṣèlú, ìwàásù. Ẹnì kankan kò tíì sọ fún mi rí pé kí n to èyí tó bá wù mí. Mo dúró nídìí àpótí lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi nà, kò mọ ojúlé tó máa wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń wò mí. Ó ní, “Kí lo fẹ́ tò?” Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó ní, “O mọ̀ ọ́n. Tò ó kó tó tutù.”

Gbọ̀ngàn náà kò tóbi. Àwọn ìgbìmọ̀ tó méje jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, obìnrin àgbà kan, ọ̀jọ̀gbọ́n, sì ni alága wọn. Olùkọ́ náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sọ̀rọ̀, wọ́n fi àwòrán hàn lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Mo gbé òjé náà sórí tábìlì, mo tú aṣọ tí mo fi dì í. Ọ̀kan nínú wọn, tó wọ táì, yọ gíláàsì ojú, ó tún un wọ̀, ó tẹ̀ síwájú. Ó gbìyànjú, ó ní ẹsẹ̀ ẹyẹ lòun rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn yí orí rẹ̀ sísàlẹ̀ títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú gbogbo wọn, èmi nìkan.

Alága ní, “Bàbá, ẹ kà á fún wa.”

Ohùn mi kò lọ sókè. Mo kà á bí ó ti wà:

“Èmi tí mo to lẹ́tà yìí,
èmi ni mo béèrè ìbéèrè
tí wọ́n fi gba owó irúgbìn.
Mo fẹ́ kí a kọ orúkọ mi sí i.”

Onítáì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń to Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n etí mi kì í yára bá a. Alága gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá wà níbí.” Ó yíjú sí olùkọ́. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo ti múra sílẹ̀ de irọ́. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ, mo ti mọ àwọn ẹlẹ́rìí tí mo máa pè. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà wo ilẹ̀, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìsọ̀ wọn ni mo ti gbọ́ ọ.”

“Kí ló dé tí kò sí nínú ìwé?”

“Fọ́ọ̀mù náà ni, mà. Kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí.”

“Fọ́ọ̀mù,” ni alága wí, bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ wò. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní wọn kò lè tún gbogbo ìwé náà tẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tẹ ìwé pélébé tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Ó wá bi mí bí wọ́n ti ń kọ orúkọ mi, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó tún un pè kó lè dá a lójú.

Owó ńlá náà kò wá. Àwùjọ mìíràn ni wọ́n fún, lórí ohun mìíràn. Olùkọ́ sọ fún mi pé kì í ṣe nítorí ohun tí mo kà lọ́jọ́ náà, pé owó náà kò tó fún gbogbo ènìyàn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀. Àwọn atòlẹ́tà tí mo kó jọ, tí wọ́n ti ń retí pé wọ́n máa tún pè wọ́n sí yàrá tútù, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta kẹrosíìnì sọ fún mi lójú ọ̀nà pé, “Ìwọ lo da yẹ̀pẹ̀ sí gàrí wa. Nítorí orúkọ. Ṣé orúkọ ṣeé mu?” Òun náà wà lára àwọn tí ìwé náà pè ní ẹni tí kò kàwé, ṣùgbọ́n kò tíì kà á.

Èmi ni mo to ìwé pélébé náà. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé, nítorí náà ọ̀gá wa gbà á. Ìlà márùn-ún ni. Nígbà tí mo tò ó tán, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú òjé. Mo tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà, mo jókòó, mo fi ìka tẹ̀lé e, mo ń jẹ́ ẹ lẹ́nu. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n tẹ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, iye tí ìwé náà jẹ́.

Mo gbé e lọ sí Akọka nínú páálí kan, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti búrọ́ọ̀ṣì méjì. Olùkọ́ ti kó àwọn ìwé sórí tábìlì. Mo rò pé ó máa fi mí sílẹ̀ síbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kan. A ń lẹ̀ ẹ́ lọ. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń pọ̀ jù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí, ó wọ́.”

“Ẹ gbé e wá kó tó gbẹ.”

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?”

Mo ní, “Ó rẹ̀ mí ni, ọ̀gá.”

Ó ní ó rẹ òun náà. Mo gbà á gbọ́. A ń lẹ̀ ẹ́ lọ títí ìwé orí tábìlì fi tán. Kò pé àádọ́ta. Ó ní ìyókù ti lọ: àwọn ibi ìkówèésí, àwọn yunifásítì mìíràn, àwọn tó wà níbi ìpàdé tó lọ, àwọn kan tó wà lókè òkun. Ìwé pélébé tó kù ṣì kún páálí náà. Ó wo inú rẹ̀, ó wò mí, ó bi mí pé kí ni ká fi wọ́n ṣe.

Mo ní kó kọ àdírẹ́sì gbogbo ibi tí ìwé náà lọ fún mi, kí n máa fi wọ́n ránṣẹ́. Ó wá bébà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó kọ mẹ́rin, ó dáwọ́ dúró, ó ní òun kò rántí ìyókù mọ́. Mo ní kó fara balẹ̀ rò ó. Mo fa àga kan sún mọ́ tábìlì, mo sì jókòó dè é.